Tápẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ jù: ìdáhùn fún ìyá alọta kan ní Iléṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìlọta ni mo fi ń jẹun ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bẹtiróòlù, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 5.5, ni ó ń yí i. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, orí ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mẹkáníìkì kan fi bíléèdì ìfárí tún tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà lórí fáàfù, ṣe, ariwo náà sì dákẹ́ pátápátá. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ fi nǹkan lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá pa á nígbà tó ti gbóná, kì í tàn mọ́ àfi tó bá tutù. Okùn tí a fi ń tan án fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ata bá kún ẹnu ẹ̀rọ. Mẹkáníìkì náà ti wá ní kí n ra písítìn àti ríǹgì tuntun. Ọmọ mi ọkùnrin ra fílà géèjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo náà, kò mọ èwo nínú àwọn ewé rẹ̀ ni kí òun lò. Nọ́ńbà wo ni ó tọ́, báwo ni a sì ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹ má tíì ra písítìn. Ariwo tí ẹ ní ó dákẹ́ pátápátá yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé níbi iṣẹ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wá nítorí pé tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń pariwo kì í sábà bà mí lẹ́rù. Èyí tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dún rárá, tí okùn rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ni mo máa ń tètè tú. Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ ló jọ ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti dín àlàfo fáàfù rẹ̀ kù ju bó ti yẹ lọ. Mo lè ṣì í, nítorí n kò fojú rí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọmọ yín lè gbà mọ̀ bóyá fáàfù ni tàbí ríǹgì láì náwó, n ó sì dé orí rẹ̀.

Fáàfù méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yín. Ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ tó ti pò mọ́ epo láti inú kabúrétọ̀, èkejì ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti gba inú sàlẹ́ńsà jáde. N ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní fáàfù afẹ́fẹ́, n ó sì máa pe èkejì ní fáàfù èéfín. Kámúṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá oníkókó tó ń yí nísàlẹ̀, ń ti ọ̀pá gígùn kan, tí a ń pè ní púṣì-rọ́ọ̀dù, sókè. Ọ̀pá yìí a ti apá kan rọ́kà, rọ́kà a sì fi apá kejì tẹ fáàfù wọlé, bí pákó tí ọmọ méjì jókòó sí ìkángun rẹ̀, tí ọ̀kan ń lọ sílẹ̀ bí èkejì ti ń gòkè. Bí púṣì-rọ́ọ̀dù bá ti sọ̀ kalẹ̀, sípíríǹgì a fa fáàfù padà sórí ìjókòó rẹ̀, ojú ihò náà a sì dé pinpin. Àlàfo tí a ń fi fílà géèjì wọ̀n ni àyè tíńtín tó wà láàárín imú rọ́kà àti orí ọ̀pá fáàfù nígbà tí fáàfù bá jókòó báyìí.

Irin ń gùn bí ó bá gbóná, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àyè yìí sílẹ̀. Ọ̀pá irin tó gùn tó 70 mìlímítà, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 300 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, yóò fi nǹkan bí ìdámẹ́rin mìlímítà kan gùn sí i. Orí ẹ́ńjìnnì tó yí i ká náà ń wú, nítorí náà gbogbo gígùn yẹn kọ́ ni yóò jẹ lára àlàfo, ṣùgbọ́n fáàfù èéfín ni iná ń kọjá lára rẹ̀, òun ló sì ń gbóná ju gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Bí kò bá sí àyè fún un láti gùn, rọ́kà kò ní jẹ́ kí ó jókòó dáadáa. Bí ó bá tutù, ó ṣì lè pa dé; bí ó bá gbóná, ẹnu á ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ohun tó yẹ kí písítìn fún pọ̀ á sì máa jò lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tí ẹ́ńjìnnì yín ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn: ó ń tàn ní tútù, kò tàn ní gbígbóná.

Èyí tó burú jù kò tíì hàn sí yín. Nígbà tí fáàfù èéfín bá jókòó ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ooru rẹ̀ fún orí ẹ́ńjìnnì. Kò ní ọ̀nà mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀ láti fi tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí nígbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan ń ṣí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pa á dé, nígbà 1,800 láàárín ìṣẹ́jú náà, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò tó fi ń sinmi kéré púpọ̀. Bí a bá wá gba ìsinmi náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí iná sì ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kọjá, ẹnu náà á máa jó, á máa ya, títí yóò fi di ohun tí àtúnṣe àlàfo kò lè wò mọ́.

Ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ara rẹ̀ ní ọ̀nà méjì tó lòdì sí ara wọn. Imú rọ́kà, orí púṣì-rọ́ọ̀dù àti ara kámúṣáàfù ń jẹ, àlàfo a sì fẹ̀. Èyí ni ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ náà ń jẹ, nítorí pé wọ́n ń gbá ara wọn ní gbogbo ìgbà tí fáàfù bá pa dé. Bí wọ́n ti ń jẹ, fáàfù ń rì sínú ìjókòó rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ a sì máa yọ sí ìhà rọ́kà, àlàfo a dín. Ti àkọ́kọ́ ń kígbe síni létí. Ti èkejì dà bí ikán lára òrùlé. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá fi etí ṣe òṣùwọ̀n, tó ń fún nọ́ọ̀tì títí ariwo yóò fi lọ, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì kúrò níbi tó ti ń kígbe lọ síbi tó ti ń kú ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì yìí yẹ kí ó dún díẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejì.

Èyí kò wá sọ pé kí a fi àlàfo sílẹ̀ gbàgà. Bí ó bá fẹ̀ jù, fáàfù kì í ṣí tó, agbára á dín, imú rọ́kà á sì máa gbá orí fáàfù bí ọmọ owú. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: lára kámúṣáàfù ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí, irin kékeré kan wà tó ń gbé fáàfù èéfín sókè díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kí okùn má baà le jù fún ẹni tó ń fà á, bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn, ó máa ń káwọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Bí àlàfo fáàfù èéfín bá fẹ̀ púpọ̀, irin yìí kò ní lè gbé e, okùn a sì le, a tilẹ̀ máa já gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Okùn tó ń jáni lọ́wọ́ gbà, ẹ wo àlàfo kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn.

Ó kan nọ́ńbà. Bí ìwé kékeré tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì 5.5 tí mo ń rí lábẹ́ ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ Honda GX160, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní àwòkọ rẹ̀. Fún GX160 àtijọ́, Honda kọ 0.15 mìlímítà fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti 0.20 mìlímítà fún fáàfù èéfín, wọ́n sì gbà kí ó fi 0.02 lé tàbí kí ó fi 0.02 dín. Fún àwọn tuntun tó ní UT2 ní ìparí orúkọ wọn, nọ́ńbà náà ti yí padà sí 0.08 fún afẹ́fẹ́ àti 0.10 fún èéfín. Orúkọ kan náà, ìrísí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá jẹ́ àwòkọ tí ìwé rẹ̀ ti sọnù, 0.15 àti 0.20 ni èmi máa ń lò, nítorí pé mo fẹ́ kí n ṣìṣe sí ìhà ariwo ju kí n ṣìṣe sí ìhà ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Bíléèdì ìfárí tí mẹkáníìkì yín lò nípọn tó nǹkan bí 0.10 mìlímítà. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ irú ti àtijọ́, ìdajì ohun tí fáàfù èéfín ń fẹ́ ni ó fún un, bí ó bá sì jẹ́ pé gbígbóná ni ó ṣe é, a kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó fún un. N kò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Irinṣẹ́ tó ní ni ó lò.

Fílà géèjì (àwa mẹkáníìkì ló ń pè é ní fílà, kò kan orí ẹnikẹ́ni) jẹ́ àkójọ ewé irin pẹlẹbẹ, tí wọ́n kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó sí i lára. Ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ ti ń ṣubú ni pé wọ́n sábà máa ń kọ mìlímítà àti íǹṣì sí ara ewé kan náà. 0.15 mìlímítà bá .006 íǹṣì mu, 0.20 sì bá .008 mu. Ọmọ tó bá ń kánjú yóò rí .015, yóò rò pé 0.15 ni, bẹ́ẹ̀ .015 íǹṣì jẹ́ 0.38 mìlímítà, tó ju ìlọ́po méjì ohun tí a ń wá lọ. Ẹ jẹ́ kí ó fi àmì sí ara ewé méjì tí yóò lò. Bí kò bá rí ewé tó nípọn tó 0.15, ó lè to 0.05 lé 0.10, ṣùgbọ́n kí ó nù wọ́n gbẹ kí ó tó tò wọ́n, nítorí pé ìdọ̀tí tàbí ọ́ìlì tó dì sáàárín wọn ti di òṣùwọ̀n kẹta. Ewé tó ti tẹ̀ tàbí tó ti dípẹtà, kí ó má ṣe lò ó.

Iṣẹ́ náà gan-an, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ó ṣe é, kí ẹ tó ta ọjà kankan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́jú. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tútù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, Volkswagen oníjàpá ni ó pọ̀ jù níbi iṣẹ́ ọ̀gá mi, 0.15 sì ni a ń fún fáàfù rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé, olówó rẹ̀ ń kánjú, mo sì tún un ṣe ní gbígbóná nígbà tí ọ̀gá mi kò sí nítòsí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lójú mi. Kò sí èyí tó bá 0.15 mu nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó ní kí n tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀mejì, òun kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Kí ọmọ yín ti ẹnu epo pa, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò, kí ó sì fọ orí ẹ́ńjìnnì dáadáa kí ó tó ṣí i. Mo mọ bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata ṣe ń rí: omi ata, iyanrìn àti ọ́ìlì ti di ẹ̀kọ lára rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì já bọ́ síbẹ̀ yóò bá ọ́ìlì lọ sí inú. Kí ó wá tú bóòtù mẹ́rin tó di ìdérí fáàfù mú, kí ó rọra ká gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò kí ó má ya. Yóò rí rọ́kà méjì. Èyí tó wà ní ìhà kabúrétọ̀ jẹ́ ti afẹ́fẹ́, èyí tó wà ní ìhà sàlẹ́ńsà jẹ́ ti èéfín. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí, irin kékeré kan tún wà tó dé orí ọ̀pá fáàfù èéfín bí fìlà. Kí ó ṣọ́ ọ kí ó má bọ́ sọnù, nítorí pé láìsí i, kò sí òṣùwọ̀n tí yóò tọ̀nà níbẹ̀.

Fáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé kí a tó wọn ohunkóhun. Písítìn ń dé òkè lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo iṣẹ́ rẹ̀ kan: lẹ́ẹ̀kan láti fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, lẹ́ẹ̀kan láti ti èéfín jáde. Ti ìfúnpọ̀ ni a ń wá. Kí ó fi ike tínrín tí àwọn ọmọdé fi ń fa mínírà sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó máa fa okùn díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa wo rọ́kà. Rọ́kà afẹ́fẹ́ yóò tẹ fáàfù rẹ̀ wọlé, yóò sì tún gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ike náà bá ti gòkè dé ibi tí kò ti lè gòkè mọ́, a ti dé ibẹ̀. Nítorí irin tó ń gbé fáàfù èéfín sókè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń jẹ́ kí písítìn kọjá òkè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tó nǹkan bí 6 mìlímítà, kí ó lè dá mi lójú pé kò sí ohun tó ń ti fáàfù náà. Bí àyè bá wà lábẹ́ rọ́kà méjèèjì, wọn yóò mì díẹ̀ bí a bá fi ìka mì wọ́n. Ní ti yín, ó ṣeé ṣe kí ti èéfín má mì rárá, ẹ̀rí sì ni ìyẹn náà. Kí ó má ṣe ti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ bọ ihò púlọ́ọ̀gì dípò ike o: bí ó bá kán sínú sílíńdà, iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí ó kọ́kọ́ wọ̀n bí àlàfo ṣe wà kí ó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni yóò ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá mẹkáníìkì ni ó dín in tàbí fáàfù ni ó ń rì sínú ìjókòó rẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí rọ́kà kọ̀ọ̀kan: ti ìsàlẹ̀ ni rọ́kà ń mì lórí rẹ̀, ti òkè ni ó ń tì í pa. Kí ó fi sípánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú, kí ó fi òmíràn dẹ ti òkè, kí ó ti ewé tó tọ́ bọ àárín imú rọ́kà àti orí fáàfù, kí ó sì máa yí ti ìsàlẹ̀ títí ewé náà yóò fi máa fa ọwọ́ díẹ̀ bí ó bá ń fà á, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa bébà kúrò lábẹ́ ìwé tó wúwo. Kí ó wá di ti ìsàlẹ̀ mú gírígírí, kí ó sì fún ti òkè. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí pé bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì òkè, ti ìsàlẹ̀ máa ń fẹ́ bá a yí. Nítorí náà, kí ó tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá ti fún un tán, bí kò bá sì tọ̀nà, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ti àtijọ́ ni ẹ lò, ewé 0.15 gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rọ́kà afẹ́fẹ́, 0.20 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, 0.20 gbọ́dọ̀ wọ ti èéfín, 0.25 kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Kí ó tún fi ọwọ́ kan imú rọ́kà. Bí ó bá ti jẹ di kòtò, ewé pẹlẹbẹ yóò gba orí kòtò náà kọjá bí pákó tí a fi dá gọ́tà, àlàfo gidi yóò sì ju ohun tí ewé ń sọ lọ. Irú rọ́kà bẹ́ẹ̀ yóò máa dún síbẹ̀, bó ti wù kí a wọ̀n ọ́n tó. Rọ́kà tuntun ni oògùn rẹ̀.

Kí ó tó dé e, kí ó rí i pé orí púṣì-rọ́ọ̀dù méjèèjì wà nínú ihò rọ́kà wọn, kí ó sì fi ọwọ́ fa okùn yí i nígbà mélòó kan kí púlọ́ọ̀gì tó padà. Kí ó wá dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ó rọra fa okùn. Bí agbára ìfúnpọ̀ bá ti padà, tí ẹ́ńjìnnì sì ń tàn ní gbígbóná, ọ̀rọ̀ písítìn ti parí. Bí okùn bá ṣì fúyẹ́, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó kún ṣíbí tíì kan sínú ihò rẹ̀, kí ó yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ó dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ó sì tún fa okùn. Ọ́ìlì máa ń dí ẹ̀gbẹ́ ríǹgì fún ìgbà díẹ̀: bí okùn bá le sí i, ríǹgì tàbí sílíńdà ti jẹ, mẹkáníìkì yín sì jàre. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni ó ń jò. Kí ó tẹ́tí sí ẹnu sàlẹ́ńsà bí ó ti ń rọra fa okùn. Bí ó bá gbọ́ ṣìì níbẹ̀, fáàfù èéfín ti jó, ẹ óò sì ní láti jẹ́ kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n lọ fáàfù náà mọ́ ìjókòó rẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ bá ti ya. Ìyẹn náà kò nílò písítìn.

Ìwé Honda fún GX160 ní kí a máa yẹ àlàfo wò ní ọdọọdún tàbí lẹ́yìn wákàtí 300, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì tan iná ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè fi ti ọdọọdún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ ata fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí 36 nìyẹn lọ́sẹ̀, 300 yóò sì pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lé díẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù méjì-méjì ni kí ọmọ yín máa ṣí i wò, kí ó sì máa kọ nọ́ńbà tó bá àti ọjọ́ tó wò ó sínú ìwé. Bí ti fáàfù èéfín bá ń dín ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí i, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.